Òótọ́, Irọ́ àti Ohun Tí A Kò Sọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ tàbí kàwé ní òkè òkun fi ń sanwó ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní IELTS, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ wọn níwèé. Ọ̀nà mẹ́rin ni ìdánwò náà pín sí: gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ. Ti kíkà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìbéèrè 40 láàárín ìṣẹ́jú 60.

Ọmọ àbúrò mi kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì gbé ìwé tí ó fi ń múra sílẹ̀ tọ̀ mí wá. Gírámà kọ́ ni ó ń dà á láàmú. Ibi tí wọ́n ti ní kí ó mú ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta, òótọ́ ni, irọ́ ni, tàbí a kò sọ, ni ó ti ń kọsẹ̀. Àyọkà kan sọ pé etí odò ni a kọ́ ilé ìwòsàn kan sí. Gbólóhùn tí ó ní láti gbé yẹ̀ wò ni pé ẹ̀fọn ń yọ àwọn aláìsàn ibẹ̀ lẹ́nu. Ó mú "òótọ́ ni". Mo bi í pé, "Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀?" Ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Bàbá. Ṣé ẹ̀fọn lè ṣe aláìsí ní etí odò?" Ohun tí ó wí lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ àyọkà kò wí i.

Mo rán an létí pé èdè abínibí rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Yorùbá ya ìmọ̀ sọ́tọ̀ sí ìgbàgbọ́. Hallen àti Sodipo kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1986. Ohun tí ojú wa ṣe ni a mọ̀. Èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, a gbà á gbọ́ ni. Bí àgbà bá ń parí ìjà, yóò bi ẹlẹ́rìí pé, "Ṣé ojú rẹ ni ó ṣe, àbí wọ́n sọ fún ọ ni?"

Nítorí náà ni inú mi kì í fi í dùn sí òbí tí ó bá fi òfin de Yorùbá nínú ilé nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ẹni tí ó bá ń múra sílẹ̀, kí ó kọ́ láti ka ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó má ṣe fi ti inú ara rẹ̀ kún un. Ọdún méjì péré ni èsì IELTS sábà máa ń wúlò mọ. Ọgbọ́n tí a fi ń ya ohun tí a mọ̀ sọ́tọ̀ sí ohun tí a rò kò ní gbèdéke.