Ìdíje Ayò Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Bí ẹ bá fẹ́ràn ayò, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi.

Àwa mẹ́fà la máa ń ta ayò lábẹ́ igi máńgòrò kan ní Kétu, ní ọjọ́ tí a kò bá lọ sí oko. Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo ní ọdún kan, mo ní kí a ṣe ìdíje, kí a lè mọ ẹni tí í ṣe ọ̀ta láàárín wa. Olúkúlùkù dá 500 fráǹkì. A fi owó náà ra àkùkọ kan, a so ó mọ́ ìdí igi. Ẹni tó bá borí ni yóò mú un lọ sílé.

Èmi ni mo pín wa ní méjì-méjì. Mo ní ẹni tí wọ́n bá pa lẹ́ẹ̀kan, kí ó dìde. Ẹ wo àṣìṣe mi. Àwọn méjì tó mọ ayò jù ni mo fi ko ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀. Èmi fúnra mi lọ bá ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta. Nígbà tó ku àwa mẹ́ta, mo ní kí n sinmi, kí àwọn méjì yòókù ta á, kí n wá bá ẹni tó bá borí ta èyí tó kẹ́yìn. N kò ro ibi. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀, ṣé ẹ máa gbà bẹ́ẹ̀?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kù pẹ̀lú mi. A jọ dàgbà ni. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Abidjan fún ọdún díẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pe ayò ní awalé. Ó ta ọwọ́ kan báyìí, ó sì jẹ gbogbo ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Mo ní kò tọ́, pé níbi tí mo ti kọ́ ayò, a kì í jẹ ẹnì kejì ẹni tán. Ó ní níbi tí òun ti kọ́ ọ, wọ́n ń jẹ ẹ́ tán. Àwa méjèèjì kò purọ́. Òfin yìí yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ẹjọ́? Èmi tí mo pín wa, èmi náà ni mo dá a. Mo ní mo jàre. Ó da ọmọ ayò sí erùpẹ̀, ó dìde. A ta àkùkọ náà, a pín owó. Oṣù mẹ́rin ni kò fi dáhùn ìkíni mi. Ìyá mi sunkún nítorí rẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó gbà, òun ló ní kí a tún ìdíje náà ṣe, kí a sì ṣe é dáadáa. A tún dá owó, a ra àkùkọ mìíràn.

Lọ́tẹ̀ yìí, olúkúlùkù ni yóò bá gbogbo àwọn yòókù ta. Ẹ bá mi kà á: ẹni kìíní ní ẹni márùn-ún láti bá ta. Ẹni kejì ti bá ẹni kìíní ta, ó ku mẹ́rin. Lẹ́yìn náà mẹ́ta, méjì, ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ ta lè rí àǹfààní níbẹ̀, nítorí náà a ń ta á lẹ́ẹ̀mejì, kí olúkúlùkù lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó di 30. A fi ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta ta á, mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́jọ, yóò di 56. Ẹ má ṣe é, àfi bí ẹ kò bá ní oko.

A sọ òfin kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọpọ́n. Ilé méjìlá, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, ó jẹ́ 48. Kí a kọ́kọ́ kà á, nítorí ọmọ ayò máa ń sọnù sínú koríko. Ẹni tó bá jẹ 25 ti borí, ó gba àmì méjì. Bí ó bá jẹ́ 24 sí 24, ọ̀mì ni, kí olúkúlùkù gba àmì kan. Òǹwòran lè fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe wù ú (ayò tí kò ní yẹ̀yẹ́ kì í dùn), ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ nawọ́ sí ilé tí a ó ta. Ní ti jíjẹ tán, a fẹnu kò pé a lè ta á, ṣùgbọ́n a kò ní jẹ nǹkan kan níbẹ̀. Èyí kò dùn mọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi nínú, síbẹ̀ ó gbà, torí pé a kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta àkàrà nítòsí ni a bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe adájọ́. Wọn kì í ta ayò, wọn kò sì bá ẹnì kankan nínú wa tan. Àwa àti wọn la jọ ń kọ́ ìwé ní alẹ́. Wọ́n fa ìlà sínú kàyé, wọ́n kọ orúkọ àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, wọ́n sì ń kọ àmì bí a ti ń parí. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n á kà á sókè, olúkúlùkù á sì fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ kejì, mo búra pé ọ̀mì ni èmi àti ẹnì kan ta ní ọjọ́ kìíní. Ìyá ṣí kàyé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wò ó níbí. Ó pa ọ́. Ìwọ lo fọwọ́ sí i." Mo wò ó. Ọwọ́ mi ni lóòótọ́.

Ẹni tó borí ní àmì 15. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní 14. Èmi ní 9. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi gba kàyé, ó fi ìka tọ ìlà rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ tú àkùkọ, tó gbé e fún ẹni tó ni ín. Ilé ẹni náà kò jìnnà sí tèmi. Ní gbogbo ìdájí ni mò ń gbọ́ bí ó ti ń kọ.