Owó sàréè tí mo gbà nínú géèmù

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín lálẹ́ òní nípa géèmù. Ó máa gùn díẹ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "géèmù lásán ni", ẹ jókòó, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

Géèmù náà ni The Outer Worlds. Obsidian ló ṣe é, ó jáde ní 2019. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ló ni gbogbo ibẹ̀, Halcyon ni wọ́n ń pè é, ó jìnnà réré sí ayé tiwa yìí. Ìwọ ti sùn sínú òtútù fún ọdún 70 nínú ọkọ̀ kan kí ẹnì kan tó wá jí ẹ. Ibi tó o kọ́kọ́ bọ́ sí ni ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Edgewater. Kí wọ́n máa di ẹja sínú agolo, iṣẹ́ tí ìlú yẹn mọ̀ nìyẹn.

O máa pàdé ọ̀gbẹ́ni kan níbẹ̀, Silas, ẹni tó ń gbẹ́ sàréè. Iṣẹ́ tó máa rán ẹ: lọ bá mi gba owó sàréè lọ́wọ́ àwọn tó jẹ gbèsè. Àwọn alààyè o! Ní Edgewater, ojú rẹ ṣì là kedere, o ti ń san owó ibi tí wọ́n máa sin ẹ́ sí.

Mo rẹ́rìn-ín. Bí àwàdà ni wọ́n ṣe kọ ọ́, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Mo gba orúkọ àwọn onígbèsè, mo bọ́ sígboro, mo ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gba owó, mo gba XP, ara mi yá gágá.

NEPA bá mú iná lọ. Laptop mi, tòkunbọ̀ ni, bátìrì rẹ̀ kì í lò tó ogún ìṣẹ́jú. Mo jókòó sínú òkùnkùn. Ibẹ̀ ni mo ti rántí obìnrin yẹn.

Mi ò tíì sọ èyí síta rí. Nígbà tí Bàámi kú ní 2018, ilé ìwòsàn kan (mi ò ní dárúkọ wọn) ní àwọn ò ní gbé òkú sílẹ̀ àfi tí a bá san gbogbo owó tó kù. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Bàámi fi wà ní mọ́ṣúárì nítorí owó, bẹ́ẹ̀ ni owó mọ́ṣúárì fúnra rẹ̀ ń gorí ara lójoojúmọ́. Bùrọ̀dá mi ń ti ilé ẹbí kan bọ́ sí òmíràn, ó ń tọrọ.

Obìnrin kan wà lẹ́yìn wíńdò níbi tí wọ́n ti ń gba owó. Kò pariwo mọ́ wa. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó máa ń sọ ò ju, "Ẹ má bínú, iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n ṣe ni mò ń ṣe." Lọ́jọ́ kọkànlá, òun ló bá wa ka owó náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kó má bàa sí àṣìṣe.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kórìíra obìnrin yẹn. Mo máa ń bi ara mi pé irú èèyàn wo ló lè jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Irú èmi. Wọ́n fún èmi náà ní orúkọ àti iye owó, mo lọ gbà á. Wọn ò tiẹ̀ san owó oṣù fún mi.

Ẹ wò ó, ìdí tí mo fi ń yin àwọn tó kọ quest yẹn nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ Edgewater, orí iná ni wọ́n máa ń lọ. Ọkọ̀ rẹ nílò ohun èlò kan kó tó lè gbéra, o sì máa já iná ibì kan kó o tó rí i gbà: yálà ti Edgewater, níbi tí Reed Tobson ti jẹ́ ọ̀gá, tàbí ti ọgbà tí Adelaide àti àwọn tó sá kúrò nílùú ń gbé. (Ọmọ Nàìjíríà ló wá ń pinnu àdúgbò tó máa lo iná! Mo ṣe bí ọ̀gá àgbà NEPA fún ìṣẹ́jú márùn-ún.)

Àìsàn ń pa àwọn òṣìṣẹ́, Reed sì ń ṣa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ jù láti fún lóògùn. Bí ọmọ Adelaide ṣe kú nìyẹn. O ti fẹ́ já iná Reed, àbí? Dúró ná. Béèrè ohun tó ń mú kí ọ̀gbìn Adelaide yọ dáadáa bẹ́ẹ̀. Òkú èèyàn ló fi ń ṣe ajílẹ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ó dáa, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó o bá dúró níwájú kọ̀ǹpútà tó ń pín iná yẹn, o ti mọ̀ pé wọ́n ń dán ẹ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Virmire nínú Mass Effect ti 2007: Kaidan tàbí Ashley, ọ̀kan máa kú, o ò lè gba àwọn méjèèjì là. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò purọ́. Síbẹ̀ Wrex ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ní Virmire. Inú bí i, ó na ìbọn sí mi, ó sì ṣeé ṣe kó kú síbẹ̀. Ohun kan tó lè yọ ọ́ ni pé o ti bá a wá ìhámọ́ra ìdílé rẹ̀ rí ṣáájú. Iṣẹ́ kékeré, tó o lè fò kọjá.

Irú iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ni owó sàréè. Kò sí orin, kò sí ẹni tó sọ fún ẹ pé o fẹ́ yan nǹkan kan. Ìgbà tó o bá ti ṣe é tán lo máa mọ̀.

Ọ̀nà kẹta wà nípa iná yẹn ṣá. Tó o bá bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ dáadáa, tí ẹnu rẹ sì dùn tó, Reed máa fi ipò sílẹ̀, Adelaide á wá máa darí ìlú. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn èyí. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Bùrọ̀dá mi ni ẹnu rẹ̀ dùn jù nílé wa, ó bẹ obìnrin ẹ̀yìn wíńdò yẹn títí, kò ràn wá lọ́wọ́.

Nígbà tí iná dé, mo padà sí ibi tí mo ti save kí n tó pàdé Silas. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mi ò bá a sọ̀rọ̀. Ara mi ò tìtorí ẹ̀ fúyẹ́. Mo ṣì rántí pé mo ti gbà á rí.

Àbúrò mi obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí Bàámi kú, a ò jẹ́ kó tẹ̀ lé wa dé mọ́ṣúárì. Lánàá mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ wá wo bàbá yìí, ó ní kí n lọ gba owó sàréè!"

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un.