Ẹ má kánjú yọ gbogbo eyín ìsàlẹ̀

Eyín mẹ́fà péré ló kù fún màmá mi nísàlẹ̀, méjì sì ń mì. Wọ́n ní, "Ìyá Tóyìn, jẹ́ kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí wọ́n ṣe tuntun fún mi." Èmi nọ́ọ̀sì náà ti gbà.

Dókítà eléyín ló dá wa dúró. Ó ní eyín àtọwọ́dá ti òkè máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀ kò rí ibi lẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀, ahọ́n á sì máa tì í. Bí eyín bá ti kúrò, eegun tó gbé e ró á máa joro. Àmọ́ eyín díẹ̀ tó bá dúró gírí lè di àtọwọ́dá mú.

Màmá bínú. "Àbí owó lo ń ṣọ́?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo ní kí wọ́n bi dókítà fúnra wọn.

Wọ́n yọ méjì tó ń mì, wọ́n fọ mẹ́rin yòókù, wọ́n sì ṣe àtọwọ́dá tó há mọ́ wọn. Ó kọ́kọ́ bó wọn lẹ́nu, a padà lọ, wọ́n sì tún un ṣe. Lónìí màmá ń jẹ ẹran tó bá rọ̀. Lálaalẹ́ wọ́n ń yọ ọ́ sínú omi, wọ́n sì ń fọ eyín tiwọn.

Ẹ̀yin òbí wa, kì í ṣe gbogbo eyín ló ṣeé gbà là. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè kí wọ́n tó yọ ọ́, torí èyí tó bá ti kúrò kò ní hù mọ́.