Òjò Àṣá

Bí ẹ bá rí pósítà Ọjọ́ Àṣà lára ògiri, ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Bírò pupa la fi sàmì sí i. Èmi ni mo ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá Visual Art fún SS2 ni. Tíṣà wa mú tèmi pé òun la máa tẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì dá ₦200, ká lè tẹ 40.

Orí fóònù ìyá mi ni mo ti ṣe é. Mo kọ́kọ́ kó gbogbo nǹkan sí i: ìlù, agogo, fìlà, aṣọ òkè, ojú ò ríbi sinmi. Tíṣà ní kí n fi dùndún kan ṣoṣo sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tóbi, kí àyè funfun sì yí i ká. Ó dùn mí o (alẹ́ méjì ni mo fi ya fìlà yẹn), àmọ́ nígbà tí mo gbé e jìnnà sójú, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Wàhálà dé níbi tá a ti ń tẹ̀wé. Bọ̀ọ̀dá ibẹ̀ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà wọn, àpótí kéékèèké ló wà níbi tó yẹ kí ọ́ wà. Fọ́ǹtì tí mo lò kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni mo tó mọ̀ pé ọ́ kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo fún kọ̀ǹpútà: á mú ọ, á wá gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn ò ṣètò ìyẹn sí, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn. Noto Sans àti Charis SIL mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ká ní mo ti sọ ọ́ di PDF nílé ni, fọ́ǹtì mi ì bá bá a lọ.

"Àbúrò, ṣé kí n yọ àmì yẹn kúrò? Wọ́n ṣáà máa mọ ohun tó o fẹ́ sọ."

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo ní kò burú.

Láyé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, lẹ́tà irin ni wọ́n ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan láti tẹ̀wé Yorùbá, síbẹ̀ àmì wà lábẹ́ ẹ àti ọ. Èmi tí mo ní fóònù lọ́wọ́, mo ní kò burú!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnì kan ka OJO ASA sókè ní kíláàsì: "Òjò Àṣá!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń jókòó. Owó ọkọ̀ rẹ̀ ló fi dá ₦200 tiẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi rìn délé lọ́jọ́ náà. Mi ò lè wo ojú ẹ̀. Nígbà tó yá, ó na bírò pupa sí mi, ó ní, "Ó yá, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Àmì 6 ló wà lórí ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Lọ́nà 40, ó di 240, ká má tíì sọ ti àwọn ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Àkókò ìsinmi ò tó, a tún dúró lẹ́yìn tí ilé ìwé parí. Ọwọ́ tiẹ̀ gún ju tèmi lọ. Èyí tí àmì rẹ̀ bá wọ́, èmi ni mo ṣe é.

Ẹyọ kan ṣì wà lẹ́nu géètì tá a gbàgbé, Òjò Àṣá ló ṣì ń jẹ́. Bírò wa ti tán. Ẹni tó bá ní pupa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sàmì sí i kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.