Ipò 171

Ní 1998, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín Detroit Red Wings mú ọmọ Rọ́ṣíà kan, Pavel Datsyuk, ní ipò 171. Ó bá wọn gba Stanley Cup lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2012, Edmonton Oilers mú Nail Yakupov ní ipò kìíní. Nígbà tó fi máa di 2016, wọ́n ti gbé e fún ẹgbẹ́ mìíràn.

Èmi ni mo kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń to àwọn tó ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wa sípò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ọmọkùnrin kan sí ìsàlẹ̀ pátápátá: máàkì ẹ̀ ò dáa. Tèmi náà ò dáa nígbà tí mo jáde yunifásítì. Ọ̀gá kan ló ní, “Ẹ jẹ́ ká dán an wò ná.”

Ètò mi lè ka ohun téèyàn ti ṣe. Kò lè ka èyí tó ṣì máa ṣe. Mo pe ọmọ náà. Ọjọ́ Ajé ló ń bọ̀.