Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, láti Ẹnu Ọwá

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, wọ́n ní kí o má torí ìdánwò febi pa ara rẹ.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní bí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ a máa sunkún, ara wọn a máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n ìwọ kì í mọ nǹkan kan lára, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé bóyá Ọlọ́run ò mọ̀ ọ́. Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Ṣí Mátíù orí 25, kí o rọra kà á. Ohun tí a sábà máa ń fò níbẹ̀ ni pé ẹnu ya àwọn olódodo náà. Wọ́n ti fún Jésù lóúnjẹ, wọ́n ti fún un lómi, wọ́n ti gbà á sílé, wọn ò sì mọ̀. Ìgbà tó sọ fún wọn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè pé nígbà wo. A ò gbọ́ pé ara ẹnikẹ́ni gbọ̀n nínú wọn. Àlejò tí ebi ń pa ni wọ́n rò pé àwọn ń bọ́.

Bí màmá mi náà ṣe ṣe é nìyẹn, ìyá àgbà tí o ò bá láyé. Àmù omi kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ẹnu Ọwá, pẹ̀lú ife kan tí wọ́n so mọ́ ọn. Wọn kì í lọ sọ́jà láìpọnmi kún un. Àwọn alábàárù tó ń ru ẹrù bọ̀ láti Ìdúmọ̀tà ló ń mu ún jù. Lọ́jọ́ kan, ọmọ Haúsá kan nínú wọn yọ̀ ṣubú sẹ́bàá gọ́tà pẹ̀lú ìdì aṣọ lórí. Aṣọ rẹ̀ ni ẹni tó ni ẹrù ń pariwo lé lórí. Màmá jókòó tì í nílẹ̀, wọ́n bu omi wẹ orúnkún rẹ̀ tó bó, wọ́n bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orúkọ ni wọ́n fi ń kí i bó bá ń kọjá, òun náà á sì dáhùn láti abẹ́ ẹrù. Wọn ò wàásù fún un. Mùsùlùmí ni, àwọn ẹbí wa kan náà sì ń lọ sí mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀ bí àwa ti ń lọ sí Holy Trinity l'Ébùúté Èrò lọ́jọ́ Ìsinmi. Àánú tó bá kọ́kọ́ ń béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí èèyàn ń lọ, ìpolówó lèmi ń pè é.

Rántí Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣóògùn, ọmọdé ni. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó wa yìí, ibí ni àwọn Potogí ti rà á. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí àwọn wọ ọkọ̀ ogun ọ̀hún, àwọn rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi kọ́, àwọn rò pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn ni. Àwọn sì rò pé orí èèyàn ni ọta ìbọn ńláńlá tó wà nílẹ̀. Àwọn tó wá gbà á là gan-an ló ń bà á lẹ́rù! Nítorí náà, bí o bá ṣoore fún àlejò tí kò rẹ́rìn-ín sí ọ, má bínú. O ò mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ní ilẹ̀ Sàró tí wọ́n gbé e lọ, àwọn tí kò mọ ìyá tó bí i ló kọ́ ọ níwèé, tí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Èkó tí wọ́n ti tà á náà ló kú sí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú Bíbélì Yorùbá tó wà lórí tábìlì rẹ.

Mi ò ní kí o ya òmùgọ̀ o. Ọmọ Èkó ni ọ́, o mọ gbájúẹ̀. Ẹni tó bá ní ebi ń pa òun, ra oúnjẹ fún un, má yọ káàdì báǹkì jáde lójú rẹ̀, má sì tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni wọ kọ̀rọ̀.

O sọ fún mi nípa ọmọ Benue tó wà ní yàrá kejì sí tìrẹ, tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kì í dáná lálẹ́. Ìdì méjì ni gààrí àti ẹja gbígbẹ tí mo fi rán awakọ̀ sí ọ. Tirẹ̀ ni èyí tí mo so okùn pupa mọ́. Má gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí o sá lọ. Kan ilẹ̀kùn, béèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ jọ jẹun. Lẹ́yìn náà kí o pè mí, kí o sọ orúkọ ọ̀hún fún mi, kí n lè máa dárúkọ ẹ̀yin méjèèjì nínú àdúrà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.