Àdùkẹ́ Tó Ń Jáde Lọ́wọ́ Ryu

Àwa tí a dàgbà sí Òrè mọ̀ pé kì í ṣe "Hadoken" ni à ń pè é. "Àdùkẹ́" ni. Bí Ryu, ọmọ Japan aláṣọ funfun inú géèmù Street Fighter, bá ti pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́bàá ìbàdí, tí bọ́ọ̀lù iná sì fò jáde níbẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á hó yèè: "Àdùkẹ́!" Ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń kọ èyí, Àdùkẹ́ ni oríkì rẹ̀ gan-an. Ìyá rẹ̀ ń ta búrẹ́dì fún àwọn èrò ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Bìní. Títí di òní, kò yé ìyá náà ìdí tí àwọn ọmọkùnrin fi ń pariwo orúkọ ọmọ òun láàárín ìró jẹnẹrétọ̀.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù géèmù náà kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé Ó LE KÚ, ÌJÀ ÒRÈ. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá: Òrè ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró ní 1967. Ní ti ṣọ́ọ̀bù yìí ṣá, ìjà orí PS2 ni.

Ní èdè Japan, ìgbì ni "hado", ẹ̀ṣẹ́ ni "ken". Iléeṣẹ́ Capcom ló ṣe géèmù náà. Ọdún 1987 ni ti àkọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n èkejì, ti 1991, ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Àdùkẹ́ lásán kò ní wàhálà: yí ọwọ́ láti ìsàlẹ̀ sí iwájú, tẹ ẹ̀ṣẹ́, ó ti lọ. Èyí tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Inú Street Fighter III: 3rd Strike, ti 1999, ló wà, Denjin Hadoken lorúkọ rẹ̀. Agbára rẹ gbọ́dọ̀ ti kún nísàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n kí o tó dá a láṣà. Lẹ́yìn náà, o ó yí ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, o ó tẹ ẹ̀ṣẹ́, o kò sì ní tú bọ́tìnnì náà sílẹ̀. Bí o bá ṣe dì í mú pẹ́ tó ni iná ọwọ́ Ryu yóò ṣe le tó, tí mànàmáná á máa ta lára rẹ̀. Alátakò kò lè fi ọwọ́ dí i bó ṣe ń dí Àdùkẹ́ lásán. Àfi kó tẹ iwájú ní ìgbà tí iná náà kàn án gẹ́lẹ́, ìyẹn sì gba ojú. Bó bá ti kún dáadáa kí o tó jù ú, òòyì lè kọ́ onítọ̀hún, yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ìwọ á sì rọra rìn lọ bá a.

Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí o fi di bọ́tìnnì mú yẹn, Ryu kò lè rìn, kò lè fò, kò lè dí ara rẹ̀. Ó dúró gbagidi ni. Ọmọ ọdún márùn-ún tó bá gbá pádì mú lè ta á nípàá ṣubú.

Kí ni ká wá pe dídì mú yìí ní Yorùbá? Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní "ó ń ṣáájì," bí ẹni pé fóònù ni. Àwa tí à ń ka Yorùbá ní yunifásítì ní "ó ń kó agbára jọ," ó sì dún létí wa bí ìròyìn rédíò. Bàbá àgbà ọ̀kan nínú wa ló bá wa yanjú rẹ̀. Ọdẹ ni wọ́n, Odigbo ni wọ́n ń gbé. Nígbà ìsinmi, wọ́n dúró sẹ́yìn wa, wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà títí, wọ́n ní, "Ṣé ẹtù lèyí ń rọ ni?"

Ẹtù ló ń rọ lóòótọ́. Bàbá ní ṣakabùlà kì í ṣe ìbọn ọlọ́pàá. O ó da ẹtù sí i, o ó fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, o ó kó ọta sí i, gbogbo ìgbà yẹn ni ẹran sì lè rí ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa dún; bó bá tàsé, o tún bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń fi ojú mìíràn wo Ọba Kò So, eré Dúró Ládípọ̀ tó dé Berlin ní 1964. Ẹ rántí pé Tìmì, ọlọ́fà iná, ni Ṣàngó rán lọ sí Ẹdẹ, tí Gbọ̀nńkáà sì lọ bá a níbẹ̀. Ti Tìmì, Àdùkẹ́ lásán ni: fa ọrun, ta á. Ti Gbọ̀nńkáà ló jẹ́ Denjin. Ọfọ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé, ọfọ̀ sì gbọ́dọ̀ parí kó tó ṣiṣẹ́. Nígbà tó ṣiṣẹ́, oorun ló gbé Tìmì lọ, bí òòyì inú géèmù gẹ́lẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù ìsinsìnyí, ìlà kan ààbọ̀ ni ọfọ̀, kọ̀ǹpútà ti ju iná sí òṣèré lọ́wọ́. Kò wù wá. Ará Japan tó ṣe géèmù yìí mọ ìdúró ju àwọn tó ń ṣe fíìmù yẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá di tiwa, nítorí ọfọ̀ ọdẹ ni Àdùkẹ́ wa fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Bàbá gbà. Wọ́n jókòó, a gbé fóònù síwájú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a wá ń kọ ọ́ sílẹ̀ la rí i pé orúkọ ewé pé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe kò sí. Bẹ́ẹ̀, Pierre Verger ti ṣàlàyé nínú ìwé Ewé, ti 1995, pé ìró inú orúkọ ewé ló sábà máa ń padà wá nínú ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń rán ewé náà níṣẹ́. Ibi tí ìró náà ti yẹ kó padà wá ni Bàbá ń wú ikọ́ sí, tàbí kí wọ́n kàn fò ó.

Àdùkẹ́ kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi parí rẹ̀. Tíṣà mi ò ní gba ààbọ̀."

"Bí mo bá parí rẹ̀, ta ni kí n rán an sí? Ìwọ ni àbí fóònù yẹn?"

Kò sí ẹni tó dá wọn lóhùn. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ohùn wọn kò lọ sókè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn tó ń ṣọdẹ. Tíṣà ní kí Àdùkẹ́ wá ọdẹ mìíràn. Àdùkẹ́ kọ̀. Ó ti tẹ orí kẹta jáde báyìí pẹ̀lú àmì tó-tò-tó níbi gbogbo tí Bàbá ti fò, ó sì fi àlàyé ojú ewé méjì sí i nípa ìdí tí àwọn àlàfo náà fi wà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa gbé e lọ ka fún Bàbá ní Odigbo.